Kírímù kan fún gbogbo ráàṣì: ìdí tí làpálàpá ayé ìsìnyí ò fi fẹ́ lọ mọ́

Ẹ wọ kẹ́mísítì àdúgbò èyíkéyìí lónìí, ì báà jẹ́ ní Mushin, ní Òṣogbo tàbí ní Ṣágámù, kẹ́ ẹ ní nǹkan kan sú sí yín lára tó ń yún yín, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ yẹn tán wọ́n á ti nawọ́ sí túùbù kan lórí káńtà. Kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ ká aṣọ sókè káwọn wò ó. Ooru ló mú yín ni o, làpálàpá ni o, kòkòrò ló rìn lọ́rùn yín lálẹ́ àná ni o, túùbù kan náà ni wọ́n ń tà fún gbogbo wa. Owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Ibi tọ́rọ̀ wá ti di wàhálà ni pé ó máa ń ṣiṣẹ́ o! Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta yíyún á ti lọ, ojú ẹ̀ á ti wálẹ̀, èèyàn á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run á sì ju túùbù síbi kan. Kò ní pẹ́ tó máa fi padà dé, á sì ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn túùbù yẹn. Ọ̀kan wà fún fọ́ńgọ́ọ̀sì, bíi clotrimazole tàbí ketoconazole, ọ̀kan wà fún bakitéríà, bíi neomycin tàbí gentamicin, ẹ̀kẹta wá ni sitẹ́rọ́ọ̀dù, betamethasone tàbí clobetasol. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ló ń mú yíyún lọ wéréwéré tẹ́ ẹ fi ń sọ pé kírímù yẹn mà dáa o. Clobetasol wà lára àwọn sitẹ́rọ́ọ̀dù tó le jù lọ tí wọ́n ń pa sára, ní Bìrìtéènì kò sẹ́ni tó máa tà á fún yín láìrí ìwé dọ́kítà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa ẹ̀gbẹ́ ọṣẹ ìwẹ̀ ni wọ́n tò ó sí. Àwọn tó ń po kírímù ìbóra ní ṣọ́ọ̀bù náà ń fún un síbẹ̀, wọ́n á ní ọ́gáníìkì ni.

Ráàṣì tẹ́ ẹ ń rí lára yẹn, ara yín ló ń jà. Wíwú tó wú, gbígbóná tó gbóná, yíyún tó ń yún, ogun ni ara ń bá nǹkan tó wọlé jà. Sitẹ́rọ́ọ̀dù ló máa ń sọ fáwọn sójà ara pé ẹ lọ sùn. Tó bá jẹ́ pé ìjà yẹn ò pọn dandan tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tó jẹ́ pé eczema ni, ìyẹn awọ ara tó máa ń gbẹ tó sì máa ń yún, tàbí pé nǹkan kan tó kan ara ò bá ara mu, á jẹ́ pé oògùn gidi ni sitẹ́rọ́ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dẹ́rù bà yín, dọ́kítà mọ èyí tí agbára ẹ̀ tó àti iye ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa làpálàpá ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Àwọn sójà ti sùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì wá rí ààyè jẹun. Ẹ lè ní ṣebí oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì wà nínú túùbù yẹn náà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó tiẹ̀ yẹ kéèyàn ṣì máa pa á fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí i lẹ́yìn tí ojú ẹ̀ bá ti mọ́, ta ló sì fẹ́ máa pa kírímù sí ohun tí ò yún un mọ́ látọjọ́ kẹta? Bí wọ́n ṣe ń dá a dúró tí wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, oṣù á gorí oṣù, làpálàpá tó rí roboto tẹ́lẹ̀ á pàdánù etí ẹ̀, á di nǹkan tó fẹ́lẹ́ tó rí wúruwùru, débi pé dọ́kítà tó bá rí i gan-an lè pè é ní nǹkan míì. Látọdún 1968 làwọn dọ́kítà ti fún irú ẹ̀ ní orúkọ, tinea incognito ni wọ́n ń pè é, ìyẹn làpálàpá tó para dà.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo India. Irú kírímù alápòpọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń tà kiri níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbéèrè ìwé dọ́kítà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wá jáde níbẹ̀ tí terbinafine, tó jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn tá a gbójú lé jù, kì í sábà ràn, ọdún 2020 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní Trichophyton indotineae. Gbogbo ara ló máa ń gbà, itan, ìdí, ikùn, ojú. Nígbà tó di 2023, àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti rí i lára obìnrin méjì ní New York, ọ̀kan nínú wọn ò sì rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ òkèèrè kankan kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti rí i ní Yúróòpù náà. Kírímù nìkan kọ́ ló fà á o, ooru, ọ̀pọ̀ èrò àti aṣọ tó há mọ́ra wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ò yọ kírímù alápòpọ̀ kúrò nínú ohun tó dá a sílẹ̀. Ooru wà lọ́dọ̀ tiwa náà, èrò wà, túùbù sì wà.

Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ èwo lèwo?

Làpálàpá tí wọn ò tíì fi kírímù bà jẹ́ kì í ṣòro mọ̀. Ó máa ń rí roboto, etí ẹ̀ á yọ sókè díẹ̀, á ní ìpẹ́, àárín ẹ̀ á máa mọ́ bó ṣe ń fẹ̀ lọ. Ó lè kó ranni látara èèyàn, látara tówẹ̀lì, látara ológbò tàbí ajá. Ibi tí òógùn máa ń gbé sí ló fẹ́ràn, abíyá, abẹ́ ọyàn, ibi tí itan ti pàdé ikùn, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọ bàtà kánfáàsì tàbí bàtà sójà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kírímù clotrimazole tàbí terbinafine tí ò ní sitẹ́rọ́ọ̀dù nínú ló yẹ ẹ́, ẹ pa á kọjá etí ẹ̀ díẹ̀ torí fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn ti rìn kọjá ibi tójú ń rí. Aṣọ tútù kọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀ lé e o. Páńtì tí ò gbẹ dáadáa nígbà òjò, tẹ́ ẹ ní á gbẹ sí yín lára, ẹ ń fún fọ́ńgọ́ọ̀sì lóúnjẹ ni.

Ti orí ọmọ ló yàtọ̀. Tó bá jẹ́ orí ọmọ ló ti ń pá láwẹ́láwẹ́, tí irun ń já tí ìpẹ́ funfun wà níbẹ̀, kò sí kírímù tó máa wò ó, torí inú irun gan-an ni fọ́ńgọ́ọ̀sì wọ̀ sí, kírímù ò sì lè débẹ̀. Oògùn oníhóró bíi griseofulvin ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, dọ́kítà ló sì máa wọn bí ọmọ ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Àwọn ìyá máa ń bínú sí onígbàjámọ̀, àwọn ìyá ò sì jẹ̀bi, kílípà tó kúrò lórí ọmọ kan bọ́ sórí ọmọ míì láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́, ọ̀nà kan gbòógì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bá ọmọ sùn lórí ìrọ̀rí kan náà, fìlà tí wọ́n jọ ń dé, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ làpálàpá, wọ́n sì ní ewé fún un. Asùnwọ̀n ni, èyí tó máa ń yọ òdòdó ìyeyè gọgọrọ, wọ́n á gún ewé ẹ̀ wọ́n á fi pa ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yẹ ewé yẹn wò, wọ́n sì rí i pé ó ní ohun tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú lóòótọ́. Èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni sá fún un tó bá jẹ́ èyí tó kéré ni, ohun tí mo kàn ń sọ ni pé kẹ́ ẹ má pò ó mọ́ ẹ̀sìdì bátìrì tàbí Izal bí àwọn kan ṣe ń ṣe, torí jíjó ni ìyẹn máa jó yín. Hypo náà kì í ṣe oògùn ara o jàre, ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Wọ́n máa ń pa á lówe pé èèyàn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá, ibì kan wà tí òwe yẹn ò ti jẹ́ òwe mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí àbàwọ́n tó mọ́ ju ara yòókù lọ, tí kò yún rárá, tẹ́ ẹ fi òwú tàbí ìka kàn án tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, ẹ má lọ ra oògùn làpálàpá. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ṣì wà ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni wọ́n fi ń lò ó, ó sì ń lọ pátápátá. Ẹni tó bá tètè lọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ á pé.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí èyí tó ń dààmú ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń sùn mọ́bẹ̀ àti ilé onírúùmù kọ̀ọ̀kan jù, ìyẹn scabies, èyí táwọn èèyàn ń pè ní craw-craw. Kòkòrò kékeré kan tí ojú lásán ò lè rí dáadáa ló fà á. Abo ẹ̀ ló máa ń gbẹ́ ihò sínú awọ ara, á máa yé ẹyin méjì mẹ́ta síbẹ̀ lójúmọ́. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kòkòrò tó wà níbẹ̀ lápapọ̀ kì í ju mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ṣùgbọ́n yíyún tó máa ń yún, ká má rí i! Òru ló ń le jù. Àárín ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́, ìbàdí, ìdodo, orí ọmú obìnrin, ojú ara ọkùnrin, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Lára ọmọ ọwọ́, ó tún máa ń dé orí, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Tí ẹni méjì bá ti ń họra lóru nínú ilé kan náà, ẹ má rò ó lọ síbi tó jìn.

Ohun tó ń jẹ́ kó máa yí po nínú ilé ni pé ẹni tó ń kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, nígbà yẹn ó ti kó o ran gbogbo ẹni tó bá a sùn. Ìyá á wá tọ́jú ọmọ kan ṣoṣo tó ń sunkún, á fi àwọn mẹ́ta tó dákẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àwọn mẹ́ta yẹn á tún kó o fún ẹni àkọ́kọ́ padà, wọ́n á ní oògùn ò ṣiṣẹ́, wọ́n á tún ní ọmọ aráyé ni. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo ilé gbọ́dọ̀ lo oògùn, ẹni tó ń yún àti ẹni tí ò yún, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀gbọ́n tó wá kí yín tó sùn ọjọ́ mẹ́ta. Permethrin ni wọ́n sábà máa ń lò, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ti ọmọ ọwọ́ á dé orí, kì í ṣe ibi tó ń yún nìkan, ẹ fi sùn mọ́jú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ tún un ṣe torí àwọn ẹyin tó kù. Benzyl benzoate wà, ó dín owó, ṣùgbọ́n ó máa ń ta èèyàn lára, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bomi là ti ọmọdé. Imí ọjọ́ tí àwọn ìyá àgbà máa ń pò mọ́ àdín fún un, oògùn gidi ni, dọ́kítà ṣì ń lo oríṣi ẹ̀ fún aboyún àti ọmọ ìkókó títí dòní. Aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sá a sóòrùn, èyí tẹ́ ẹ ò lè fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò yẹn kì í lò ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ tí ò bá rí ara èèyàn. Yíyún lè máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí gbogbo kòkòrò ti kú o, ẹ má torí ìyẹn máa da oògùn bo ara lójoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá wá fi kírímù alápòpọ̀ pa scabies ńkọ́? Yíyún á dín kù, kòkòrò á sì máa bí sí i. Lára ẹni tí ara ẹ̀ ò lágbára, ó lè di irú èyí tó máa ń sé èépá, tí kòkòrò ẹgbẹẹgbẹ̀rún á wà lára ẹnì kan. Àjọ WHO fi scabies sára àwọn àrùn tí ayé pa tì ní 2017, wọ́n ní ó ju igba mílíọ̀nù èèyàn lọ tó ń ní in nígbàkigbà. Kì í ṣe àrùn ẹlẹ́gbin o. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà mọ̀ ọ́n láìpẹ́ yìí, ó pọ̀ níbẹ̀ débi pé ní 2023 permethrin ṣọ̀wọ́n láti rà.

Àwọn ará Ìbàràpá, ní Ìgbó-Ọrà àti Ìdèrè, mọ oríṣi yíyún míì tí wọ́n ń pè ní nárun. Eṣinṣin dúdú kékeré tó ń bí létí odò tó ń sáré ló ń kó aràn ẹ̀ sára èèyàn, àrùn yìí kan náà ló ń fọ́ èèyàn lójú. Ivermectin tí wọ́n máa ń pín kiri ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, oògùn ẹ̀ nìyẹn, kírímù kankan ò débẹ̀.

Ráàṣì ooru ò le tó bẹ́ẹ̀. Ihò òógùn ló dí, òógùn ò rọ́nà jáde, ó wá sú wínníwínní sí ọrùn, àyà àti ẹ̀yìn, ó ń gún èèyàn bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ni. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, tí iná ọba ò sì sí, kò sẹ́ni tí kì í mú. Omi tútù, aṣọ kọ́tìnnì tó fẹ̀, ibi tí atẹ́gùn wà, ó tán. Ẹ má fi Vaseline tàbí òrí pa á lé e, ihò tó dí lẹ tún ń dí pa yẹn. Àwọn ìyá tó ń fi súwẹ́tà àti fìlà onírun wọ ọmọ ìkókó ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yẹn ń gbọ́ ooru.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní champion náà wà, èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèrà, tó pupa tó sì dúdú, tó máa ń wá síbi iná lálẹ́ lásìkò òjò. Kì í jẹni, kì í ta. Omi inú ara ẹ̀ ni oró wà, tẹ́ ẹ bá gbá a mọ́ ara ni omi yẹn á tú jáde. Kì í dùn yín lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kejì lẹ máa jí bá ìlà gbọọrọ tó jó, tó ní ìléròrò, bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán nà, ẹlòmíì á sì sọ pé wọ́n na òun lójú àlá lóòótọ́. Ẹ fẹ́ ẹ dànù ni, ẹ má pa á mọ́ra, tó bá sì ti fọ́, ọṣẹ àti omi kíá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ yẹn kan ojú.

Eczema ló ń da èèyàn dúdú láàmú nítorí pé wọ́n kọ́ wa pé ó máa ń pupa. Lára tiwa, kì í sábà pupa. Ó máa ń dúdú sí i, tàbí kó rí bí eérú, ó lè jẹ́ kókó wínníwínní tó gan bí awọ adìẹ, nínú ìgbọ̀nwọ́, ní ẹ̀yìn orúnkún, lọ́rùn ọmọ tí ikọ́ fée tàbí kátá kì í wọ́n ní ilé wọn. Ọ̀yẹ́ ló máa ń gbé e dìde. Ìwé táwọn dọ́kítà fi kọ́ṣẹ́ gan-an, ara òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwòrán ẹ̀, débi pé ní 2020 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní yunifásítì St George's ní Lọ́ńdọ̀nù, Malone Mukwende, òun àtàwọn olùkọ́ ẹ̀ méjì, jókòó ṣe ìwé tó fi hàn bí àrùn ṣe máa ń rí lára èèyàn dúdú. Ó yẹ káwọn ìyá tó wà ní ìlú òyìnbó rántí ìyẹn tí nọ́ọ̀sì bá ní òun ò rí nǹkan kan lára ọmọ wọn. Ìpara tó nípọn lẹ́yìn ìwẹ̀ nígbà tí ara ṣì tutù, ọṣẹ tí ò lóòórùn, káìnkáìn kó jìnnà sí ọmọ yẹn, sitẹ́rọ́ọ̀dù tí dọ́kítà bá kọ fún un, nǹkan tó ń ràn án nìyẹn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ dúró ní kẹ́mísítì rárá. Tẹ́ ẹ bá lo Septrin, tàbí oògùn ibà tó ní sọ́fà (sulfa) nínú, tí àmì dúdú roboto kan yọ sí ètè, sí ọwọ́ tàbí ojú ara, tó jẹ́ pé ibi kan náà ló ń padà sí nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lò ó, oògùn yẹn ò bá yín mu, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ má lò ó mọ́. Tí ẹnu bá wá ń bó, tí ojú pupa, tí ara ń lé ròrò, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ọmọ tó ní ibà, ikọ́, kátá, ojú pípọ́n, tí ráàṣì wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn etí àti ojú tó ń sọ̀ kalẹ̀, measles nìyẹn, ẹ má fi àdín àti ẹmu bò ó mọ́lẹ̀ nílé.

Mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, náà ṣì wà. Ọdún 2017 ló padà yọ ní Nàìjíríà lẹ́yìn bí ogójì ọdún, WHO sì kéde ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé ní oṣù kẹjọ 2024, wọ́n wá gbé ìkéde yẹn kúrò ní 2025. Ó lè jọ chickenpox, àmọ́ chickenpox máa ń sú ní ìpele ìpele, ti tuntun àti èyí tó ti sé èépá á wà lára lẹ́ẹ̀kan náà, ikùn àti ẹ̀yìn ló sì pọ̀ sí. Èyí tí mpox ń sú sábà máa ń le tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kókó á wú lọ́rùn tàbí níbi tí itan ti pàdé ikùn, nígbà míì díẹ̀ ló máa yọ, ní ojú ara nìkan. Nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tó ti ń lo kírímù alápòpọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tó ń ka èyí, tó bá jẹ́ ibi kékeré ni, dá a dúró, ó máa kọ́kọ́ burú sí i, á tún yún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, má jẹ́ kí ìyẹn dá ẹ padà sórí túùbù. Tó bá jẹ́ gbogbo ara lo ti ń pa á sí láti oṣù púpọ̀, tàbí ọmọdé ni wọ́n ń pa á fún, ẹ má dá a dúró lójijì láìrí dọ́kítà. Ọsibítù tó ní dọ́kítà awọ ara, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, lè ha díẹ̀ nínú ìpẹ́ yẹn kí wọ́n fi máíkírósíkópù wò ó, kì í sì í gba àsìkò. Ẹ má fi ohunkóhun pa ibẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo túùbù tẹ́ ẹ ti lò dání, títí kan èyí tí orúkọ ẹ̀ ti pa rẹ́.